Ta Ni Superman Jọ? Fíìmù Man of Steel, Ìwé Alàwòrán Tó Bí I, àti Orí Pẹpẹ Wa

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Warner Bros. fẹ́ gbé fíìmù Man of Steel jáde, àwọn olùṣọ́-àgùntàn wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí. Wọ́n pè wọ́n wá wò ó kí ó tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, wọ́n sì fún wọn ní àkọsílẹ̀ ìwàásù tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Pepperdine bá wọn kọ. Ohun tí àkòrí rẹ̀ ń sọ ni pé Jésù ni akọni alágbára àkọ́kọ́, pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni Superman ń tọ̀. Ọ̀sẹ̀ Ọjọ́ Bàbá ni fíìmù náà bọ́ sí ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ìwàásù ti wà ní sẹpẹ́: bàbá kan tó wà lókè rán ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wá sí ayé láti gba aráyé là. Kò kù ju kí olùṣọ́-àgùntàn ka ẹsẹ Bíbélì kan mọ́ ọn, kí ó sì fi àwòrán hàn lójú ògiri.

Òǹkàwé kan lè béèrè pé kí ló kàn wá nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fíìmù náà ti kúrò ní ilé sinimá tipẹ́, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa. Ó wà lórí fóònù wọn, ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n, àmì S tó wà láyà Superman sì wà lára báàgì tí wọ́n ń gbé wá sí ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nínú kíláàsì ìwàásù tí mo ń kọ́, kò sí ọdún tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kì í gbé àpèjúwe náà wá pé Jésù ni Superman òun. Àwọn mìíràn nínú wọn ni a óò rán lọ sí ẹ̀ka ìjọ ní London tàbí Houston, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a bí sọ́hùn-ún ti mọ Kal-El ju bí wọ́n ṣe mọ Gídíónì lọ. Ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń gbé gun orí pẹpẹ.

N kò wá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni wo fíìmù. Àwa tí a jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí Mount Zion gbé Agbára Ńlá jáde, tí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ láti wò ó, mọ̀ pé fíìmù lè wàásù, pé ó tilẹ̀ lè wàásù ju àwa oníwàásù lọ. Ìdí nìyẹn gan-an tí a fi gbọ́dọ̀ fetí sí ohun tí ó ń wàásù. Ìbéèrè mi sì kéré: ta ni Superman inú fíìmù yìí jọ ní tòótọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà ní ṣókí fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ayé kan tí ń jẹ́ Krypton fẹ́ parẹ́. Obìnrin kì í lóyún mọ́ níbẹ̀. Inú ẹ̀rọ ni wọ́n ti ń mú ọmọ hù bí irúgbìn, iṣẹ́ tí kálukú yóò sì ṣe ti wà lára rẹ̀ kí ó tó jáde. Jor-El àti Lara aya rẹ̀ rú òfin, wọ́n bí Kal-El bí a ṣe ń bímọ, ọmọ àkọ́kọ́ tí a bí bẹ́ẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ òfuurufú, ó já sí oko ní Kansas, àgbẹ̀ kan àti ìyàwó rẹ̀, Jonathan àti Martha Kent, sì tọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ ní Clark. Nígbà tó dàgbà, Ọ̀gágun Zod, tí wọ́n ti jù sẹ́wọ̀n kí Krypton tó parẹ́, wá a kàn. Zod fẹ́ sọ ayé wa di Krypton titun, bí gbogbo wa tilẹ̀ máa kú sí i. Clark bá a jà títí ilé ńláńlá ìlú Metropolis fi wó lulẹ̀, nígbẹ̀yìn ó sì ṣẹ́ ọrùn Zod ní ibùdókọ̀ ojú irin kan, nítorí Zod fẹ́ fi iná ojú rẹ̀ jó ìdílé kan tó há sí kọ̀rọ̀.

Zack Snyder tó darí fíìmù náà àti David S. Goyer tó kọ ọ́ kò fi àmì Kristi pamọ́ rárá. Clark fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti tó ọdún 33 tí òun ti wà láyé. Nígbà tí ó ń rò bóyá kí òun jọ̀wọ́ ara òun fún Zod, inú ṣọ́ọ̀ṣì ló lọ, ó jókòó ti àlùfáà, a sì rí Jésù ní Gẹtisémánì lójú fèrèsé aláwọ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀, tí Ó ń gbàdúrà nínú aṣọ pupa. Nígbà tí ó jáde kúrò nínú ọkọ̀ Zod láti wá gba ayé là, ó na apá méjèèjì nínú òfuurufú bí ẹni tí a kàn mọ́gi. Ẹni tí kò bá rí i, a jẹ́ pé ó ti sùn.

Ṣùgbọ́n àwọn olè méjì náà na apá lọ́jọ́ náà. Ọmọ ọdún 33 pọ̀ ní Ìbàdàn. Bí a bá ń ka àmì, ó yẹ kí a ka àwọn tí kò bára mu náà: ní Krypton, ohun ìyanu tó ṣẹlẹ̀ ni pé obìnrin bímọ bí gbogbo obìnrin ṣe ń bímọ. Òdì kejì ìtàn Màríà ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ fi ìbí Kal-El ṣe òjìji ìbí Kristi yóò kọ́kọ́ bá ìyẹn jà.

Kí a tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká padà sí ìwé alàwòrán, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní kọ́míìkì, nítorí níbẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí fíìmù yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló dá Superman sílẹ̀ ní ìlú Cleveland ní ìpínlẹ̀ Ohio: Jerry Siegel tó ń kọ ìtàn àti Joe Shuster tó ń ya àwòrán. Ọdún 1914 ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Júù ni wọ́n, ọmọ àwọn tó ti Yúróòpù ṣí wá. Nínú ìwé ìròyìn kékeré kan tí Siegel ń tẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kọ ìtàn Superman àkọ́kọ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1933, ṣùgbọ́n ènìyàn burúkú ni Superman yẹn. Wọ́n tún un rò, wọ́n gbé e kiri ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé fún ọdún bíi mélòó kan, nígbẹ̀yìn ó jáde nínú Action Comics àkọ́kọ́ tí ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ oṣù kẹfà ọdún 1938. Dọ́là 130 ni wọ́n gbà, wọ́n sì fi ẹ̀tọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ tó ni ín tó gbà láti máa fún wọn ní owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí àwọn méjèèjì ti di arúgbó aláìní.

Kí ni Superman ń ṣe nínú ìwé àkọ́kọ́ yẹn? Ó gba obìnrin kan tí wọ́n dájọ́ ikú fún láìjẹ̀bi là. Ó gbá ọkùnrin kan tó ń lu ìyàwó rẹ̀ mú. Ó lọ sí Washington lọ dẹ́rù ba ẹni tó ń fi owó ra ọkàn sẹ́nétọ̀ kan. Àkókò tí ebi ń pa Amẹ́ríkà ni, tí iṣẹ́ kò sí, ẹni tí Siegel àti Shuster sì fẹ́ rí ni alágbára tí yóò gbè sẹ́yìn tálákà lójú ẹ̀ka agbára. Kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n fò nígbà yẹn; ó kàn ń tọ ni. Ojú ìwé kan péré ni wọ́n fi sọ ibi tó ti wá: ayé kan parẹ́, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kan gbé ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ẹni tó ń kọjá lọ rí i, ó gbé e lọ sí ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí. Kò sí ìwàásù Bàbá, kò sí rírán ọmọ láti wá gba ayé là. Wọ́n gbé ọmọ náà sá fún ikú ni.

Ẹni tó bá ti ka Ẹ́kísódù orí kejì mọ irú ìtàn tí ìyẹn jẹ́. Siegel fúnra rẹ̀, nígbà tí wọ́n bi í léèrè ibi tí ó ti rí ọkùnrin náà, dárúkọ Sámsónì mọ́ Hercules àti àwọn alágbára mìíràn tó ti gbọ́ ìtàn wọn. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá mọ ẹni tó ni ọmọ: ní oṣù kẹrin ọdún 1940, ìwé ìròyìn Das Schwarze Korps ti àwọn SS ní Jámánì kọ àpilẹ̀kọ láti fi Siegel ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó jẹ́ Júù. Ó ṣe mí ní kàyéfì nígbà náà pé ọmọ tí Hitler mọ̀ sí ọmọ Júù, àwa oníwàásù ti gbé e lọ ṣe ìrìbọmi láìbéèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwọn tó fẹ́ràn ìtumọ̀ orúkọ, nítorí àwa Pẹ́ńtíkọ́sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. A ti gbọ́ ọ nínú ìwàásù pé "El" tó wà nínú Kal-El ni El ti èdè Hébérù, orúkọ Ọlọ́run. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ náà kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ní ọdún 1939, Jor-L àti Kal-L ni wọ́n kọ ọ́, pẹ̀lú lẹ́tà L lásán. Nínú ìwé ìtàn àròsọ tí George Lowther kọ ní ọdún 1942 ni "el" ti wọlé, Lowther kì í sì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn méjì tó dá a sílẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́ ilé sórí lẹ́tà kan.

Láti ibo wá ni Kristi ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà? Láti inú sinimá ni. Nínú fíìmù tí Richard Donner darí ní ọdún 1978, Marlon Brando tó ṣe Jor-El wọ aṣọ funfun, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ka Jòhánù orí kẹta dáadáa nípa ọmọ kan ṣoṣo tí òun rán. Láti ìgbà náà ni àwọn onífíìmù ti ń gba ojú ọ̀nà yẹn, Snyder sì gbà á dé òpin. Nítorí náà, nígbà tí àwọn kan bá ń jà pé fíìmù náà kò tẹ̀lé ìwé, òótọ́ wà níbẹ̀ ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ. Wọ́n ń jà lórí ọrùn Zod. Àmì àgbélébùú tí wọ́n so mọ́ Superman gan-an ni kò sí nínú ìwé.

Ṣùgbọ́n ọrùn Zod tó jà fún. Láti ìgbà tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀ ni àwọn olótùú ti fi òfin lé e pé Superman kì í pa ènìyàn, ìran dé ìran ni àwọn ọmọdé sì ti fi mọ̀ ọ́n. Mark Waid, tó ti kọ ìtàn Superman fúnra rẹ̀, sọ ọ́ ní gbangba nígbà tí fíìmù náà jáde pé ibẹ̀ ni ọkàn òun ti kúrò nínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbèjà fíìmù ní kí ni ẹ fẹ́ kí ó ṣe? Zod kò gbà kí ó sinmi, ìdílé kan fẹ́ jó níná, kò sì sí ẹ̀wọ̀n kankan láyé tó lè gbà á. Àwọn tó ṣe é fi kún un pé ikú yìí gan-an ni yóò jẹ́ kí Superman pinnu pé òun kò ní pa ẹnikẹ́ni mọ́.

Bí ó bá jẹ́ ti Bíbélì ni, ẹnu kì í yà wá bí olùdáǹdè bá pànìyàn. Sámsónì pa púpọ̀ nígbà ikú rẹ̀ ju èyí tó pa nígbà ayé rẹ̀ lọ (Onídàájọ́ 16:30). Mósè pa ará Íjíbítì, ó sì fi í pamọ́ sínú iyanrìn. Ká ní Sámsónì ni fíìmù náà pe ọkùnrin rẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Àmọ́ Gẹtisémánì ni ó fi sẹ́yìn orí rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Gẹtisémánì. Pétérù fa idà yọ, Olúwa ní kí ó dá a padà sínú àkọ̀. Ó sọ fún un pé bí Òun bá fẹ́, ẹgbẹ́ ogun áńgẹ́lì tó ju méjìlá lọ wà ní sẹpẹ́ (Mátíù 26:51–53). Lúùkù sọ fún wa pé Ó wo etí ọ̀tá náà sàn. Òru yẹn ni òru tí agbára wà níbẹ̀ tí Ẹni tó ni ín kọ̀ láti lò ó. Fíìmù náà ya àwòrán òru yẹn, ó fi aláwọ̀ mèremère ṣe é, lẹ́yìn náà ó mú wa lọ sí ibi tí ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ ti ṣẹ́ ọrùn ọ̀tá. Ó mú fèrèsé, ó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀.

Nǹkan kan wà nínú ìwé alàwòrán tí àwọn tó ń fi ẹnu kan sọ pé Superman kò pànìyàn rí máa ń gbàgbé. Ní ọdún 1988, nínú ìwé Superman kejìlélógún ti ìtẹ̀jáde titun, John Byrne kọ ìtàn kan tí Zod àti àwọn méjì mìíràn ti pa gbogbo ènìyàn inú ayé kan run. Superman gba agbára lọ́wọ́ wọn, ó tì wọ́n mọ́lé, ó dá wọn lẹ́jọ́, òun kan náà sì ni ó pa wọ́n. Ohun tó tẹ̀lé e ló ṣe pàtàkì. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Kò rí oorun sùn dáadáa, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, nígbẹ̀yìn ó fi ayé sílẹ̀ lọ sí ìgbèkùn láàárín ìràwọ̀, nítorí kò gbẹ́kẹ̀ lé ara rẹ̀ mọ́ láàárín àwa ènìyàn. Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi tẹ ìtàn ìgbèkùn yẹn jáde. Ó pànìyàn, ó sá: ẹ padà sí Ẹ́kísódù orí kejì kí ẹ wo ọ̀nà Mídíánì. Bóyá Byrne ń rò ó tàbí kò rò ó, ìwé rẹ̀ jọ Mósè ju bí fíìmù Snyder ṣe jọ Jésù lọ.

Nínú fíìmù, lẹ́yìn tí Zod kú, Clark ké, Lois Lane dì í mọ́ra. Ibi tó tẹ̀lé e, àwàdà ni. Superman já ẹ̀rọ tí ọ̀gágun kan fi ń ṣọ́ ọ bọ́ láti òfuurufú, wọ́n jọ sọ̀rọ̀ díẹ̀, obìnrin ológun kan sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹwà rẹ̀. Kò sí òkú ẹnì kankan tí a sin ní Metropolis. Ilé tó wó mọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí kò ní ọ̀fọ̀ kankan. Èyí ni ẹ̀sùn mi sí fíìmù náà: pípa tí ó pànìyàn kò dùn mí tó bí ó ṣe tètè gbàgbé. Snyder tìkára rẹ̀ padà sí ọ̀rọ̀ náà nínú Batman v Superman ní ọdún 2016, ó jẹ́ kí ìwólulẹ̀ yẹn jẹ́ ìdí tí Batman fi kórìíra Superman. Ó fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé gbèsè kan wà nílẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń wàásù Mósè láti inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kíyè sí. Hébérù 11 yin Mósè nítorí pé ó kọ̀ kí a máa pe òun ní ọmọ ọmọbìnrin Fáráò, ó yàn láti bá àwọn ènìyàn rẹ̀ jìyà. Kal-El náà dàgbà ní ilé ẹlòmíràn. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ dé, ọ̀dọ̀ àwọn tó tọ́ ọ ló dúró sí, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ba ọkọ̀ tí ìrètí gbogbo ọmọ Krypton wà nínú rẹ̀ jẹ́. Lóòótọ́, Zod kì í ṣe Ísírẹ́lì, apànìyàn ni. Mo sì gbà pé Clark ṣe ohun tó tọ́. Síbẹ̀, olùṣọ́-àgùntàn tó bá dúró níwájú àwọn ọmọ wa ní London, tí èdè bàbá wọn ti ń bọ́ lẹ́nu wọn, tó sì ń fi ọmọ tó pa ogún ilé rẹ̀ run ṣe àpẹẹrẹ Mósè, ó yẹ kí ó mọ ohun tó ń sọ.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kan ẹ̀kọ́ nípa Kristi. Èdè wa ní ìdẹkùn kan níhìn-ín. Nínú àdúrà wa a máa ń sọ pé Jésù gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni "wọ̀". Ohun tí a bá gbé wọ̀, a lè bọ́ ọ, ẹni tó bá dàgbà ní ìlú tí egúngún ti ń jáde sì mọ̀ pé ẹ̀kú yàtọ̀ sí ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa dé Jòhánù 1:14, "di" ni wọ́n lò. Ọ̀rọ̀ náà di ara. Ẹni tó ti di bàbá ọmọ kò lè bọ́ ọ kọ́ sórí ìṣó lálẹ́. ("Di" náà ní ewu tirẹ̀, nítorí etí lè gbọ́ ọ bí ẹni pé Ó fi jíjẹ́ Ọlọ́run sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ Chalcedon ní ọdún 451 fi tẹnu mọ́ ọn pé Ọlọ́run tòótọ́ àti ènìyàn tòótọ́ ni, Ẹnì kan ṣoṣo.)

Superman ni àwòrán "wọ̀" tó pé jù lọ tí ayé òde òní ní. Clark Kent kò di ènìyàn. Ó rí bí ènìyàn. Ní òpin fíìmù náà ó gbé awò ojú wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Daily Planet, ojú rẹ̀ kò sì ní àìsàn kankan. Ọta ìbọn kò ràn án, ebi kò lè pa á kú. Nígbà tí awakọ̀ ẹlẹ́rù kan da ọtí sí i lórí ní ilé ọtí, ó mú un mọ́ra, ó jáde lọ. A fẹ́ máa yìn ín pé ó yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì, kí a tó rí i pé ó ti fi igi ńlá gún ọkọ̀ ọkùnrin náà láàárín. (Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín náà.) Ìfaradà ẹni tí kò lè fara pa, ìfaradà wo nìyẹn? Àwọn bàbá ìjọ ní orúkọ fún ẹ̀kọ́ tó sọ pé ó kàn dà bí ẹni pé Jésù jìyà ni: Docetism ni wọ́n ń pè é, ẹ̀kọ́ òdì sì ni. Hébérù 2:14–18 ti ìlẹ̀kùn náà pa. Ẹni tí kò bá jẹ́ ẹran ara àti ẹ̀jẹ̀ bí a ṣe jẹ́ ẹ kò lè jẹ́ àlùfáà wa.

A ń pe ara wa ní ènìyàn agbára, a kò sì tijú rẹ̀. Ìṣe 10:38 wà nínú Bíbélì wa. Ìdí nìyẹn tí àpèjúwe yìí fi léwu fún wa ju bí ó ṣe léwu fún àwọn ìjọ mìíràn lọ. Ọmọ ìjọ tí a bá ti kọ́ pé Superman ni Jésù yóò dúró de kí Ó fò wọlé ní ilé ìwòsàn. Bí kò bá fò wọlé, yóò rò pé Ó wà níbòmíràn, kò sì ní mọ ọwọ́ tó ní ojú ọgbẹ́ nígbà tó bá dì í mú. Kì í sì í parí sórí Jésù. Bí Jésù bá ti di Superman lórí pẹpẹ, kò ní pẹ́ tí ìránṣẹ́ Rẹ̀ náà yóò fi wọ aṣọ pupa gbọọrọ. Mo mọ olùṣọ́-àgùntàn tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà fún ọdún púpọ̀ tí kò jẹ́ kí àwọn alàgbà rẹ̀ gbọ́, tó ń fi òògùn pamọ́ sínú báàgì Bíbélì, nítorí ó ti wàásù ara rẹ̀ di ẹni tí ọta ìbọn kì í ràn. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ṣé kí a má lo fíìmù náà rárá? Ẹ lò ó, ṣùgbọ́n ẹ pe orúkọ ẹni tó jọ. Ẹ fi Superman sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sámsónì, kí ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ rí alágbára tí agbára rẹ̀ kò tó láti gba ọkàn ara rẹ̀ là. Ẹ sọ ìtàn ọ̀dọ́kùnrin Júù méjì tí wọ́n ń wá olùdáǹdè ní ọdún tí Hitler ń ṣe bí ọba, tí wọ́n ta á ní dọ́là 130, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ni àwa náà ń wá. Kì í ṣe ìwàásù tó rọrùn. Àkọsílẹ̀ ìwàásù kan kò lè bá ọ ṣe é.

Ibì kan wà tí n óò fi han àwọn ọmọdé láìbẹ̀rù, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó fò níbẹ̀. Clark kékeré wà ní kíláàsì, agbára rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí. Ó ń gbọ́ gbogbo ohùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń rí egungun àti ọkàn tó ń lù lára olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ọmọ kíláàsì. Ó sá, ó ti ara rẹ̀ mọ́ inú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó ohun èlò sí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Martha ìyá rẹ̀. Kò bá a wí, kò sì fipá ṣí ìlẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ síta, ó ń bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, pé kí ó fi ohùn òun ṣe erékùṣù láàárín òkun, kí ó máa lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ wá síbẹ̀. Ọmọ náà fetí sí i, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ṣí ìlẹ̀kùn.